Ìbéèrè Yín Nípa Kọ̀ǹpútà: Ibo Ni Kí A Kó Dátábéèsì Wa Lọ?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Mókọ́lá ni mo ń bá ṣiṣẹ́, èmi ni mo sì ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Sáfà wa wà nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn. Windows ló wà lórí rẹ̀, SQL Server 2014 Standard ló sì ń gbé àkọsílẹ̀ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Dátábéèsì méjì ni: ọ̀kan fún owó ìfipamọ́ àti ẹ̀yáwó, ìkejì fún ọjà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń gbà láwìn. Àpapọ̀ wọn tó 40 GB. Owó dísẹ́ẹ̀lì ti wọ̀ wá lọ́rùn, bátìrì ínfátà sì ti ń kú lọ. Ìgbìmọ̀ ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ sí cloud, ìyẹn sáfà tí à ń yá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọdún tó parí. Akápò wa ní Amazon ló dáa jù. Ẹni tó ta sọ́fítíwíà fún wa ní Microsoft ni, torí àwọn ló ni SQL Server. Ọmọ alága ní Google ni owó rẹ̀ kéré jù. Èwo ni kí n mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Akọ̀wé Kọ̀ǹpútà, Mókọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN

Àwọn mẹ́ta ló ti gbà yín nímọ̀ràn, orúkọ ilé-iṣẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú wá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó bi yín pé kí ni dátábéèsì yín máa ń ṣe lóru. Ibẹ̀ ni èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oníbàárà tó bá pè mí wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, yálà ní Dùgbẹ̀ ni o tàbí ní Challenge, torí iṣẹ́ òru yẹn ló máa sọ èyí tí ẹ lè mú.

Nínú SQL Server, SQL Server Agent ló ń ṣe iṣẹ́ òru. Lọ́dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù tí mo ti bá ṣiṣẹ́, òun ló ń ṣírò èlé lórí ẹ̀yáwó nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti sùn, òun ló ń gba ẹ̀dà ìpamọ́, òun náà ló ń to orúkọ àwọn tí wọ́n máa yọ owó lára owó oṣù wọn. Ẹni tó kọ sọ́fítíwíà ti gbé e kalẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́, torí kì í pa iṣẹ́ jẹ. Ẹ ṣí Management Studio (sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣàkóso SQL Server), ẹ lọ sí abẹ́ SQL Server Agent, ẹ ṣí Jobs, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀ sínú ìwé: orúkọ, aago, ohun tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ inú àwọn stored procedure wò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí wọ́n ti kọ pamọ́ sínú dátábéèsì. Níwọ̀n bí dátábéèsì yín ti jẹ́ méjì, ó ṣeé ṣe kí ti ẹ̀yáwó máa lọ yọjú sínú ti ọjà láti mọ gbèsè tó wà lọ́rùn ọmọ ẹgbẹ́ kan kí wọ́n tó yá a lówó. Ẹ máa mọ̀ bí ẹ bá rí orúkọ dátábéèsì kejì níwájú orúkọ tábìlì. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Linked Server wà (ọ̀nà tí sáfà kan fi ń ka dátábéèsì orí sáfà mìíràn), bóyá ẹnì kan ń lo xp_cmdshell (àṣẹ tó ń mú kí SQL Server ṣe iṣẹ́ nínú Windows), bóyá job kan ń kọ fáìlì sínú dírafù D. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ìwé tí ẹ kọ yẹn ló máa dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Bí ẹnì kan bá pe Azure, cloud ti Microsoft, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣeé ṣe kó ní lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni Azure SQL Database. Owó rẹ̀ lè kéré gan-an, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n kò ní SQL Server Agent nínú, dátábéèsì kan kò sì lè ka tábìlì òmíràn bó ṣe ń ṣe nínú sáfà yín lónìí. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yín síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ máa dà bíi pé ó dáa títí di ìparí oṣù tí èlé kò ní jáde. Ìkejì ni Azure SQL Managed Instance. Èyí ní Agent, dátábéèsì púpọ̀ lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń gba fáìlì .bak yín (fáìlì ẹ̀dà ìpamọ́) bó ṣe wà. Ìṣòro rẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó mọ níwọ̀n ni pé láti orí vCore 4 (ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ) ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè ju ohun tí 40 GB nílò lọ. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ gba virtual machine, ìyẹn odindi kọ̀ǹpútà kan lórí cloud, kí ẹ gbé SQL Server lé e fúnra yín. Ohun gbogbo máa ṣiṣẹ́ bíi ti abẹ́ àtẹ̀gùn, wàhálà abẹ́ àtẹ̀gùn náà sì máa tẹ̀ lé yín lọ: ẹ̀yin lẹ máa tún Windows ṣe, ẹ̀yin lẹ máa gba ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ̀yin lẹ máa jí lóru.

Lọ́dọ̀ Amazon, tí cloud rẹ̀ ń jẹ́ AWS, RDS ni ẹ máa wò, ìyẹn dátábéèsì tí wọ́n ń bá yín tọ́jú. Wọ́n gbé e jáde ní 2009 pẹ̀lú MySQL nìkan (irú dátábéèsì mìíràn), SQL Server sì wọ inú rẹ̀ ní 2012. Agent wà níbẹ̀, dátábéèsì yín méjèèjì lè jọ wà nínú ẹ̀rọ kan kí wọ́n máa ka tábìlì ara wọn, ó sì ń gba .bak láti inú S3, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Amazon. Owó láísẹ́ńsì ti wà nínú iye tí wọ́n ń gbà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọn ò ní fún yín ni agbára sysadmin (àṣẹ pátápátá lórí SQL Server), ẹ ò sì lè wọ inú Windows rẹ̀. Kò sí xp_cmdshell. Nítorí náà, bí ìwé yín bá fi hàn pé job kan ń kọ fáìlì sínú dírafù D kí akápò lè gbé e lọ sí báńkì, ẹ gbọ́dọ̀ tún ìyẹn kọ kí ẹ tó kó.

Cloud SQL ti Google náà ń gba SQL Server. Ká ní MySQL tàbí PostgreSQL lẹ ń lò ni, mi ò ní kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn tí wọ́n lè bá yín dìde lóru lórí ọ̀rọ̀ SQL Server, Azure àti AWS ló mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ka ìyẹn sí ohun ńlá. Ẹni tó máa gbé fóònù ní agogo méjì òru ṣe pàtàkì ju ẹ̀dínwó lọ.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí ẹgbẹ́ yín bá ra láísẹ́ńsì SQL Server pẹ̀lú Software Assurance (àdéhùn àfikún lórí láísẹ́ńsì), tí ẹ sì ń san owó rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ lọ sí Managed Instance ní Johannesburg, torí Microsoft máa ń jẹ́ kí ẹ fi láísẹ́ńsì yẹn dín owó Azure kù. Bí ẹ ò bá ní i, ẹ lo RDS ní Cape Town, kí ẹ fi ẹ̀rọ kékeré bẹ̀rẹ̀. Ibùdó Johannesburg ti Microsoft ṣí ní 2019, Cape Town ti Amazon ní 2020, Google sì ṣí tirẹ̀ ní Johannesburg ní 2024. Amazon ní ibùdó kékeré kan ní Èkó tí wọ́n ń pè ní Local Zone, àmọ́ kì í ṣe ibùdó kíkún.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ fún yín pé níwọ̀n bí ẹ ti ń kó, kí ẹ kúkú fi SQL Server sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí PostgreSQL tí kò ní owó láísẹ́ńsì. Òótọ́ ni pé owó máa dínkù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó kúrò nílé kì í tún ilé kọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kọ́kọ́ kó. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ fìdí múlẹ̀, kí ìparí ọdún kan kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n pín èrè, lẹ́yìn náà ẹ lè jókòó sọ̀rọ̀ PostgreSQL. Ohun tí ẹ ò lè sún síwájú ni ẹ̀yà 2014 yẹn: ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2024 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ààbò rẹ̀ dúró. Ẹ bọ́ sórí 2019 tàbí 2022, kí ẹ fi compatibility level sílẹ̀ ní 120, ìyẹn ti 2014, kí sọ́fítíwíà yín lè máa rí ìwà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ló máa ń dùn mí jù, torí mo ń rí bí owó ṣe ń ṣòfò lórí rẹ̀ ní ìlú yìí. Àwọn ènìyàn máa ń kó dátábéèsì lọ sí òkèèrè, wọ́n á wá fi sọ́fítíwíà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ọ̀dọ̀ wa dé Cape Town ju 4,500 kìlómítà lọ. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fiber ń sáré ní nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ yòówù kí ẹ mú, ìbéèrè kan kò lè lọ kó bọ̀ kó má gba mílísékọ́ńdì 45 ó kéré tán. Wáyà kì í sì í gba ọ̀nà tààrà, íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ yà sí London. Bí ẹ bá rí 100, ẹ má ṣe yà á lẹ́nu. Lórí wáyà inú ọ́fíìsì yín, kì í tó mílísékọ́ńdì kan.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan pè mí lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti kó dátábéèsì wọn lọ tán. Mo jókòó ti obìnrin tó ń gba owó. Ó tẹ orúkọ aláìsàn kan, àmì róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kọ̀ǹpútà. Ó fa ìwé rìsíìtì jáde, ó kọ orúkọ, ó kọ iye owó, ó fọwọ́ sí i, ó ya á fún ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà ti dé ẹnu ọ̀nà kí ojú ìwé náà tó ṣí. Nígbà tí mo wo ohun tó ń lọ láàárín kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti dátábéèsì, ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn ń béèrè ohun kéékèèké tó lé ní 300, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í béèrè èkejì títí èsì àkọ́kọ́ á fi dé. Ẹ fi 300 sọ mílísékọ́ńdì 100 di púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 nìyẹn. Wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì torí rẹ̀, kò sì yí nǹkan kan padà, torí kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣe é. A gba virtual machine Windows kan sí ẹ̀gbẹ́ dátábéèsì náà, ní ibùdó kan náà, a gbé sọ́fítíwíà lé e, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gba Remote Desktop wọ inú rẹ̀. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló wá ń rìnrìn àjò wá sí Ìbàdàn. Ẹ fi owó ẹ̀rọ kejì yẹn sínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ìgbìmọ̀ ìdí rẹ̀.

Ẹ tún sọ fún wọn pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Báńkì pẹ̀lú fóònù dákú ní Nàìjíríà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe àwọn sáfà Cape Town. Ẹ gba íntánẹ́ẹ̀tì méjì tí kò gba ọ̀nà kan náà, ọ̀kan ti fiber, ọ̀kan tí kò fi wáyà ṣe. Owó dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ sọ yẹn náà kò ní tán pátápátá. Ó máa dínkù, torí kọ̀ǹpútà kéékèèké àti róútà máa ń jẹ iná níwọ̀nba, ínfátà tó mọ níwọ̀n sì lè gbé wọn.

Ohun méjì wà tí wọ́n máa bi yín léèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá ń dá ẹ̀rọ náà sílẹ̀, tí ẹ ò sì ní lè yí padà lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ ni aago. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, UTC (aago àgbáyé) ni wọ́n máa fi sí, aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀: ọmọ ẹgbẹ́ kan fi fóònù san owó ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru, ọjọ́ kìíní oṣù ti wọlé ní Mókọ́lá. Bí sọ́fítíwíà yín bá ń lo GETDATE, àṣẹ tó ń béèrè aago lọ́wọ́ sáfà, agogo mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó kọjá ni yóò kọ sílẹ̀. Owó yẹn ti bọ́ sínú oṣù tí akápò ti pa ìwé rẹ̀ dé. Orúkọ tí Windows fún aago wa ni W. Central Africa Standard Time. Ẹ wá a, kí ẹ mú un. Ìkejì ni collation, ìlànà tí dátábéèsì fi ń to lẹ́tà, tó sì fi ń fi wọ́n wéra. Ẹ wo èyí tó wà lórí sáfà àtijọ́, kí ẹ mú èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn procedure tó ń lo tábìlì onígbà díẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́.

Ẹ wo kọ́ọ̀mù orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Bó bá jẹ́ varchar (irú kọ́ọ̀mù tí kì í gba gbogbo lẹ́tà) ni wọ́n lò, pẹ̀lú collation tó wọ́pọ̀ nínú SQL Server, ẹ, ọ àti ṣ kì í lè dúró níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń di àmì ìbéèrè. Mo ti rí ìwé owó níbi tí orúkọ ìyá àgbàlagbà kan ti kún fún àmì ìbéèrè, inú mi ò sì dùn. Ẹ yí i sí nvarchar, tó ń gba gbogbo lẹ́tà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní alẹ́ tí ẹ ń kó. Ẹ jẹ́ kó di oṣù kejì.

Ó wá kan owó. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìgbìmọ̀ sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lórí ìwé. Ká sọ pé dọ́là 300 ni ẹ ń san lóṣù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà lójú ìjọba, 138,000 náírà nìyẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, nínú ọdún 2024 ó sì fẹsẹ̀ kan 1,500. Dọ́là 300 kan náà di 450,000. Ẹ̀rọ kò pọ̀ sí i, dátà kò pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹ má fi iye òní nìkan síwájú ìgbìmọ̀; ẹ ṣe ìṣirò kejì fún bí náírà bá tún já wálẹ̀, kí ẹ fi VAT 7.5% lé méjèèjì. Ẹ fi oṣù mẹ́ta lo ẹ̀rọ náà ní owó wákàtí sí wákàtí kí ẹ lè mọ ìwọ̀n tó bá yín mu, ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó san ti ọdún kan sílẹ̀ fún ẹ̀dínwó. Lórí RDS, ààyè tí ẹ bá ti gbà kò ṣeé dínkù, nítorí náà ẹ fi 100 GB bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 500. Bí ẹ bá sì pa ẹ̀rọ ìdánwò níbẹ̀, ẹ rántí pé lẹ́yìn ọjọ́ méje ó máa tan ara rẹ̀ padà, owó á sì máa ká.

Ẹ má fi káàdì ẹnikẹ́ni san án. Bí báńkì bá ti dí ìnáwó dọ́là lórí káàdì náà, owó kò ní wọlé, wọ́n sì lè ti dátábéèsì mọ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ wá alágbàtà tó ń gba náírà, tó sì ń fún yín ní ìwé owó. Kí àkáǹtì náà wà lórúkọ ẹgbẹ́, lórí ímeèlì ẹgbẹ́, kì í ṣe lórí Gmail yín, bí wọ́n tilẹ̀ fọkàn tán yín. Kí akọ̀wé àgbà àti akápò ní ọ̀nà láti wọlé bí ẹ bá rìnrìn àjò tàbí tí ẹ gba iṣẹ́ míì.

Òfin náà ò fi bẹ́ẹ̀ le, àmọ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n buwọ́ lu òfin ààbò dátà Nàìjíríà. BVN àti NIN àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú tábìlì yín, ẹ sì fẹ́ kó wọn lọ sí South Africa. Òfin gbà á, bí ààbò tó péye bá wà níbẹ̀ tàbí bí àdéhùn tó yẹ bá wà láàárín yín àti ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ ní kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kà á. Bí dátà bá sì jò síta lọ́nà tó lè pa àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lára, wákàtí 72 lẹ ní láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò dátà, létí. Ẹ má ṣí ihò 1433, ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà dé SQL Server, sílẹ̀ fún gbogbo ayé. VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gbà wọlé.

Ní ti alẹ́ tí ẹ máa kó, ẹ má ṣe é ní ìparí oṣù. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù ló dáa. Bí ẹ bá fún ẹ̀dà ìpamọ́ yín pọ̀ tó di 12 GB, tí íntánẹ́ẹ̀tì yín sì ń gbé nǹkan jáde ní 10 Mbps, kò ní tó wákàtí mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé odindi 40 GB, wákàtí mẹ́sàn-án ni. Ẹ gbé ẹ̀dà kíkún lọ ní ọjọ́bọ̀, kí ẹ dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú NORECOVERY, tó ń fi dátábéèsì sílẹ̀ láìṣí kó lè gba ìyókù; bó bá jẹ́ Managed Instance lẹ mú, Log Replay Service ni ẹ máa lò, torí kì í gba NORECOVERY. Ní alẹ́ ọjọ́ ẹtì, tí gbogbo òṣìṣẹ́ bá ti lọ, ẹ dí ẹnu ọ̀nà sí sáfà àtijọ́, ẹ gba ẹ̀dà ìyàtọ̀ tó ṣẹ́kù, ẹ fi kún un. Lẹ́yìn náà, kí akápò jókòó tì yín. Ẹ ṣe àròpọ̀ owó ìfipamọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí ti àtijọ́, ẹ ṣe é lórí tuntun. Ẹ ṣe àròpọ̀ gbogbo ẹ̀yáwó. Ó gbọ́dọ̀ bára mu dé orí kọ́bọ̀. Bí kọ́bọ̀ kan bá yàtọ̀, ẹ ò tíì kó. Ẹ padà sórí sáfà àtijọ́, kí iṣẹ́ máa lọ ní ọjọ́ ajé, kí ẹ wá ohun tó fà á. Owó olùkọ́ àti ti ìyá ọlọ́jà ló wà nínú tábìlì yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Bó bá bára mu, kí akápò buwọ́ lu ìwé. Ẹ tọ́jú sáfà àtijọ́ síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Ẹ̀gbọ́n. Ilé-ìwé aládàáni ni mò ń darí ní Bódìjà. MySQL 5.7 tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì la fi ń tọ́jú owó ilé-ìwé àti èsì ìdánwò, kò tó 2 GB. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin ló ń lò ó, inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà. Ẹnì kan gbé ìwé owó wá pé dandan ni ká kó o lọ sí cloud. Ṣé dandan ni?

Olùdarí, Bódìjà

ÌDÁHÙN

Kì í ṣe dandan. Ẹ tọ́jú owó yín. Dátábéèsì tó kéré báyìí, tí gbogbo àwọn tó ń lò ó wà nínú ilé kan, ó sún mọ́ wọn níbi tó wà. Ohun tó yẹ kó kọ yín lóminú ni 5.7 yẹn, torí àtúnṣe rẹ̀ parí ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ẹ gbé e sórí 8.4. Kí mysqldump, tó ń gba ẹ̀dà ìpamọ́ MySQL, máa ṣiṣẹ́ lálaalẹ́, kí ẹ fi páswọ́ọ̀dù ti fáìlì rẹ̀ pa, kí ẹ̀dà kan lọ sí ibi ìpamọ́ lórí cloud, owó ìyẹn kéré gan-an. Kí ẹnì kan máa dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lóṣooṣù, kó ṣí èsì ọmọ kan, kó fi wé ti inú ìwé.

Bí ẹ bá ṣí ẹ̀ka kejì lọ́jọ́ iwájú, ọ̀rọ̀ á yí padà nígbà náà, torí ibi méjì á ti máa lò ó. Kí ẹni tó máa kó o mọ̀ pé lórí Windows, MySQL kò ya Student sọ́tọ̀ kúrò lára student nínú orúkọ tábìlì, ṣùgbọ́n lórí Linux tí cloud ń lò, ó ń yà á sọ́tọ̀. Ẹ fi lower_case_table_names sí 1 kí ẹ tó dá ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Kò ṣeé yí lẹ́yìn náà lórí MySQL 8. Kó sì wo DEFINER (orúkọ ẹni tó dá wọn sílẹ̀) inú àwọn view àti procedure, torí root@localhost tó wà níbẹ̀ kì í sí lórí cloud.

ÌBÉÈRÈ

Gbogbo ìgbà lẹ máa ń sọ ti òyìnbó. Ṣé kò sí ti ilẹ̀ wa ni?

Òǹkàwé yín, Sángo

ÌDÁHÙN

Ó wà, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè. Ní Èkó, Rack Centre ní ilé tí wọ́n kọ́ fún sáfà, MainOne náà ní, èyí tó wà lábẹ́ Equinix láti 2022. Galaxy Backbone jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà tún wà tí wọ́n ń yáni ní virtual machine ní owó náírà. Èkó sún mọ́ Ìbàdàn ju Cape Town lọ jìnnà, sọ́fítíwíà tó ń béèrè nǹkan púpọ̀ lè má mọ̀ pé òun ti kúrò nílé, dátà àwọn ènìyàn kò sì ní jáde kúrò ní Nàìjíríà.

Ohun tí ẹ máa ń rà níbẹ̀ jù ni ẹ̀rọ òfìfo, kì í ṣe dátábéèsì tí wọ́n ń bá yín tọ́jú. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn: ta ló ń ṣe àtúnṣe MySQL tàbí SQL Server? Ilé wo ni ẹ̀dà ìpamọ́ wà, ṣé ilé kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ni àbí òmíràn? Wákàtí mélòó ni wọ́n máa fi dá a padà? Kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀rọ ìdánwò fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi sọ́fítíwíà yín gan-an dán an wò láti Sángo. Bí èsì wọn bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye tí wọ́n bù lé e, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò fún yín nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀.